Ibo ni Ààlà Máa Wà? Bí Ọ̀rọ̀ Írẹ́lándì Ṣe Da Brexit Rú

Ẹni tó bá wakọ̀ láti ìlú Clones lọ sí Cavan ní Írẹ́lándì yóò kọjá ààlà orílẹ̀-èdè méjì nígbà mẹ́rin láàárín ìrìn kúkúrú. Títì kan náà ni. Ó kàn ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ wọ Àríwá Írẹ́lándì tó wà lábẹ́ Bírítéènì, á jáde, á tún padà wọlé. Kò sí ṣọ́jà lójú ọ̀nà, kò sí aṣọ́bodè, kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ awakọ̀. Ohun tó máa jẹ́ kó mọ̀ pé òun ti kọjá ni pé àmì ojú ọ̀nà yí láti kìlómítà sí máìlì, owó tí wọ́n ń ná ní ilé ìtajà sì yí láti yúrò sí pọ́n-ùn. Gbogbo ààlà náà gùn tó nǹkan bí 500 kìlómítà, ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà kọjá lórí rẹ̀ sì lé ní 200.

Ààlà tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí yìí ló da ilé aṣòfin Bírítéènì ní Westminster rú fún ọdún mẹ́ta, òun ló lé olóòtú ìjọba kan kúrò nípò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ló sì jẹ́ kí ìjọba Àríwá Írẹ́lándì wà ní títì fún ọdún méjì gbáko lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ tó ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ láti òkèèrè rò pé Brussels, ibùjókòó Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ló ń ṣe agídí, àwọn mìíràn ní Dublin, olú-ìlú Orílẹ̀-èdè Olómìnira Írẹ́lándì ní gúúsù, ló fẹ́ fi ọgbọ́n dá Brexit dúró, ìyẹn ìjáde Bírítéènì kúrò nínú Ìṣọ̀kan náà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlérí mẹ́ta ni àwọn tó ń ṣèjọba ní London ṣe fún àwọn ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ìlérí náà kò lè gbé inú ilé kan náà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ ẹnu òun ni aráyé yóò ti gbọ́ èyí tí wọn kò ní lè mú ṣẹ.

Ká tó dé ibẹ̀, ó yẹ kéèyàn mọ ìdí tí ibodè fi ń dẹ́rù ba ará Írẹ́lándì. Ọdún 1921 ni wọ́n pín erékùṣù náà sí méjì. Agbègbè mẹ́fà ní ìhà àríwá dúró ti Bírítéènì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yòókù lọ di orílẹ̀-èdè tiwọn. Láti 1923 ni àwọn aṣọ́bodè ti ń dúró lójú ọ̀nà tí wọ́n ń tú ẹrù wò. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, láàárín àwọn tó fẹ́ kí Írẹ́lándì di ọ̀kan, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, àti àwọn tó fẹ́ máa bá Bírítéènì lọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì, ibodè di ojú ogun. Ní 22 oṣù kẹjọ 1972, bọ́ǹbù bú gbàmù ní ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù Newry. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú: àwọn tó gbé e wá, àwọn òṣìṣẹ́, àti awakọ̀ tó wá ṣe ìwé ẹrù. Àwọn ṣọ́jà Bírítéènì fọ́ àwọn ọ̀nà kéékèèké, wọ́n gbé kọ̀ǹkéré dí òmíràn, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì odò wá ní láti wakọ̀ yípo kó tó dé ibi tó ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí ìjà náà máa fi rọlẹ̀, ó lé ní 3,500 ènìyàn tó ti bá a lọ.

Nǹkan méjì ló pa ibodè náà rẹ́. Àkọ́kọ́ ni ọjà àjùmọ̀ná Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù kìíní 1993. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ aṣọ́bodè ti parí lórí títì wọ̀nyẹn, torí òfin ọjà ti di ọ̀kan náà ní ìhà méjèèjì. Ìkejì ni Àdéhùn Ọjọ́ Ẹtì Rere, àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 10 oṣù kẹrin 1998. Nígbà tí wọ́n gbé e síwájú ará ìlú, ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní Àríwá gbà á, ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira ìdá 94. Àdéhùn yẹn gbà pé ẹni tí wọ́n bá bí ní Àríwá lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ Bírítéènì, kó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Írẹ́lándì, kó sì jẹ́ méjèèjì bó bá wù ú. Àwọn ṣọ́jà kó ẹrù wọn, wọ́n wó àwọn ilé ìṣọ́ orí òkè lulẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé ni bí ọjà yóò ṣe máa kọjá bí ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè méjèèjì bá kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìyẹn EU. Ta ni ìbá ronú kàn án nígbà náà?

Ìdìbò bẹ́ẹ̀ni-tàbí-bẹ́ẹ̀kọ́ tí David Cameron, olóòtú ìjọba Bírítéènì nígbà náà, pè lórí bóyá kí wọ́n kúrò nínú EU wáyé ní 23 oṣù kẹfà 2016. Ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí wọ́n máa lọ, 48 ní kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n ní Àríwá Írẹ́lándì, ìdá 56 ló ní kí wọ́n dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdìbò ni John Major àti Tony Blair, olóòtú ìjọba àná méjì láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń bára wọn du ipò, jọ dúró ní ìlú Derry ní Àríwá Írẹ́lándì tí wọ́n kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ ààlà yóò jí àwọn ohun tó ti sùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, etí dídi ni wọ́n kọ sí ìkìlọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ àwọn àjòjì tó ń wọlé àti owó tí wọ́n ń san fún Brussels ni wọ́n ń jà lé lórí. Èyí dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí di òní: àwọn tí ìpinnu náà máa kọ́kọ́ kàn ni a kò gbọ́ ohùn wọn.

Theresa May gba ipò lẹ́yìn Cameron. Ní oṣù kìíní 2017 ó kéde pé Bírítéènì yóò kúrò nínú ọjà àjùmọ̀ná àti nínú àdéhùn kọ́sítọ́ọ̀mù EU. Ìlérí kìíní nìyẹn, fún àwọn tó dìbò pé kí wọ́n máa lọ. Ìlérí kejì ni pé kò ní sí ibodè láàárín Àríwá àti Gúúsù Írẹ́lándì mọ́ láéláé. Ìyẹn fún Dublin àti fún gbogbo ẹni tó rántí ogun. Ìlérí kẹta wá lẹ́yìn tó pe ìdìbò gbogboogbò ní 8 oṣù kẹfà 2017, tó rò pé agbára òun yóò pọ̀ sí i, tó sì jẹ́ pé ṣe ló dín kù. Kò ní aṣòfin tó pọ̀ tó láti dá ṣèjọba mọ́. Ó lọ bá ẹgbẹ́ DUP, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ máa bá Bírítéènì lọ, tó ní aṣòfin mẹ́wàá péré. Wọ́n gbà láti dúró tì í, ìjọba sì ya bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún Àríwá Írẹ́lándì. Ohun tí DUP fẹ́ ju owó lọ ni pé wọn kò gbọdọ̀ ya Àríwá sọ́tọ̀ kúrò lára Bírítéènì yòókù lọ́nàkọnà. Kò gbọdọ̀ sí ibodè lójú òkun.

Ẹni tó bá mọ Ìdí-Ìrókò tàbí Sẹ̀mẹ̀ kò nílò àlàyé gígùn lórí ìdí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń ta ko ara wọn. Níbi tí owó-orí ọjà bá ti yàtọ̀ ní ìhà méjì ààlà, fàyàwọ́ ti dé nìyẹn. Bí Bírítéènì bá kúrò nínú àdéhùn kọ́sítọ́ọ̀mù, tó wá dín owó-orí ẹran màlúù Brazil kù, ẹran náà lè wọ Belfast ní Àríwá, kó gba títì lọ sí Dundalk ní Gúúsù, kó sì di ẹran EU láìsan kọ́bọ̀. Torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹrù wò níbì kan. Ibẹ̀ lè jẹ́ orí ilẹ̀ láàárín Àríwá àti Gúúsù, ó lè jẹ́ èbúté láàárín Bírítéènì àti Àríwá, tàbí kí gbogbo Bírítéènì máa tẹ̀ lé òfin EU kí yíyẹ̀wò máà sí rárá. Kò sí ibi kẹrin. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jà, ibi kẹrin yìí ni wọ́n ń wá.

Bẹ́ẹ̀ ìgbésí ayé àwọn ará ibẹ̀ ti hun mọ́ra. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wàrà tí wọ́n ń fún lára màlúù ní Àríwá ló ń kọjá lọ sí ilé iṣẹ́ ní Gúúsù. Alárùn jẹjẹrẹ láti Donegal, tó wà ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira, ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn Altnagelvin ní Derry, tó wà lábẹ́ Bírítéènì. Àwọn ọmọ kéékèèké láti Belfast tí wọ́n nílò iṣẹ́ abẹ ọkàn ń lọ sí Dublin. Bí èèyàn bá sọ pé kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà lè ṣe iṣẹ́ aṣọ́bodè, bí àwọn kan ti ń tẹnu mọ́ ọn, ìbéèrè àwọn ọlọ́pàá ni pé ta ni yóò máa ṣọ́ kámẹ́rà náà, ta ni yóò sì ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Wọn kò gbàgbé Newry.

Ìjà náà gan-an bẹ̀rẹ̀ ní 4 oṣù kejìlá 2017. May wà nídìí oúnjẹ ọ̀sán pẹ̀lú Jean-Claude Juncker, olórí ìgbìmọ̀ EU ní Brussels, àdéhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ délẹ̀, nígbà tí Arlene Foster, olórí DUP, bọ́ síta ní Belfast tó ní òun kò gbà. May ní láti dìde nídìí oúnjẹ lọ tẹ̀ ẹ́ láago. Àdéhùn ọjọ́ náà dàrú. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà wọ́n tún un kọ, wọ́n fi gbólóhùn kún un tí yóò tẹ́ DUP lọ́rùn, wọ́n sì fi èyí tí yóò tẹ́ Dublin lọ́rùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbin ohun tí wọ́n wá ń pè ní backstop: bí wọn kò bá rí ọ̀nà mìíràn, Àríwá yóò máa bá òfin EU lọ níbi tó bá kan ọjà kí ibodè má baà padà. Nígbà tí EU kọ ọ́ sílẹ̀ kedere ní oṣù kejì 2018, May dá wọn lóhùn pé kò sí olóòtú ìjọba Bírítéènì kankan tó lè gbà á láé.

Ó wá ọ̀nà mìíràn. Àdéhùn tó mú wá ní oṣù kọkànlá 2018, ìwé olójú-ewé 585, fi gbogbo Bírítéènì sínú ètò kọ́sítọ́ọ̀mù EU títí wọn yóò fi rí ojútùú sí ọ̀rọ̀ ààlà. Kò sí ibodè lórí ilẹ̀, kò sì sí ti kọ́sítọ́ọ̀mù lójú òkun. Ìlérí kìíní ló fi tọrẹ. Ilé rẹ̀ gbiná. David Davis àti Boris Johnson, mínísítà rẹ̀ méjì, ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù keje. Ní ọjọ́ kejì tí ìwé yìí jáde, Dominic Raab, tó jẹ́ òun gan-an ni mínísítà Brexit, náà fi tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú oṣù kejìlá, aṣòfin 117 nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò pé àwọn kò ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú rẹ̀ mọ́, 200 ló dúró tì í. Ní 15 oṣù kìíní 2019 ni ilé aṣòfin dìbò lórí àdéhùn náà: 432 kọ̀ ọ́, 202 gbà á. Nínú ìtàn òde òní, ìjọba Bírítéènì kankan kò fìdí rẹmi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé e padà wá ní 12 oṣù kẹta, wọ́n fi ìbò 149 borí rẹ̀. Ó tún gbé e wá ní 29 oṣù kẹta, ọjọ́ tó yẹ kí Bírítéènì ti kúrò, wọ́n fi 58 borí rẹ̀.

Mo máa ń rò nípa òwúrọ̀ 12 oṣù kẹta yẹn. May ti sáré lọ sí Strasbourg lóru láti gba ìwé àfikún tó ní yóò jẹ́ kí Bírítéènì lè jáde nínú backstop. Gbogbo ènìyàn ń dúró de ohun tí Geoffrey Cox, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba rẹ̀ fúnra rẹ̀, máa sọ. Ó lè pọ́n ọn lé, kí ìjọba rẹ̀ sì là. Cox kọ ọ́ pé lójú òfin, ewu kan náà ṣì wà níbẹ̀: Bírítéènì kò ní lè dá jáde. Ọ̀rọ̀ náà parí lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ìwé kékeré yẹn wà lára ìwọ̀nba ibi tí ẹnì kan ti sọ òtítọ́ tó pa òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lára, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn.

Ní 24 oṣù karùn-ún, May kéde pé òun ń lọ, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Boris Johnson dépò ní oṣù keje. Òun ni ọkùnrin tó dúró níwájú àpéjọ DUP ní Belfast ní oṣù kọkànlá 2018, tó sọ fún wọn pé ìjọba Conservative, ẹgbẹ́ òun àti May, kankan kò lè fọwọ́ sí ibodè lójú òkun, kò sì yẹ kó ṣe é. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó di olóòtú ìjọba, ó ti ilé aṣòfin pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní 24 oṣù kẹsàn-án, adájọ́ mọ́kànlá ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fohùn ṣọ̀kan pé kò bófin mu. Ó lé aṣòfin 21 kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀ torí wọ́n dìbò ta kò ó. Lẹ́yìn náà, ní 10 oṣù kẹwàá, òun àti Leo Varadkar, olórí ìjọba Írẹ́lándì, jọ rìn nínú ọgbà ilé ńlá kan ní Wirral. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àdéhùn tuntun jáde. Ibodè lọ sójú òkun. Ohun tí May ní olóòtú ìjọba kankan kò lè gbà láé, òun ni Johnson fọwọ́ sí.

Kì í ṣe pé ó fọwọ́ sí i ló burú jù lójú mi. Ọ̀kan nínú ìlérí mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọ́, ó sì yan èyí tó máa fọ́. Ohun tó burú ni pé kò sọ ọ́ fún àwọn tó fọ́ mọ́ lórí. Ní oṣù kọkànlá 2019, ó wà ní Àríwá Írẹ́lándì níwájú àwọn oníṣòwò, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù láti fi ẹrù ránṣẹ́ sí Bírítéènì, kí wọ́n pe òun, òun yóò ní kí wọ́n jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló wọlé ìbò, tí aṣòfin rẹ̀ fi 80 ju ti gbogbo ẹgbẹ́ yòókù lápapọ̀ lọ. Bírítéènì jáde nínú EU ní 31 oṣù kìíní 2020. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, mínísítà rẹ̀ fún Àríwá Írẹ́lándì, Brandon Lewis, dìde nínú ilé aṣòfin, ó jẹ́wọ́ pé òfin tí ìjọba ń gbé bọ̀ yóò rú òfin àgbáyé. Àdéhùn tí àwọn fúnra wọn buwọ́ lù kò tíì pé ọdún kan.

Nígbà tó di 1 oṣù kìíní 2021, fọ́ọ̀mù dé. Ẹrù tó ń bọ̀ láti Liverpool tàbí Cairnryan sí èbúté Belfast àti Larne ní láti ní ìwé, àgàgà oúnjẹ. Ẹran tútù, irúgbìn, ohun ọ̀gbìn inú ìkòkò, ajá tí èèyàn fẹ́ mú rìnrìn àjò, gbogbo rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí. Àwọn ilé ìtajà kan ní England kàn ní àwọn kò fi ẹrù ránṣẹ́ síbẹ̀ mọ́. EU náà dá kún un: ní 29 oṣù kìíní, nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà, Brussels kéde pé àwọn máa lo àyè òfin tí yóò dí ààlà orí ilẹ̀ náà gan-an, láìsọ fún Dublin. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fi yí i padà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ẹ̀rí pé EU kò bìkítà ti rí i. Ní oṣù kẹrin, àwọn ọ̀dọ́ ní agbègbè àwọn tó fẹ́ bá Bírítéènì lọ ń ju òkò àti bọ́ǹbù pẹtiróòlù. Wọ́n jó bọ́ọ̀sì ní Belfast.

Ní oṣù kejì 2022, DUP fi Stormont, ìjọba àjùmọ̀ṣe Àríwá Írẹ́lándì, sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá jáde nínú ìjọba yẹn, kò sí ìjọba mọ́; bí àdéhùn 1998 ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Nínú ìdìbò oṣù karùn-ún, Sinn Féin, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ Írẹ́lándì kan ṣoṣo, gba ìjókòó 27, DUP 25. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ láti ìhà yẹn máa ṣíwájú. Síbẹ̀ ọ́fíìsì ṣófo. Ilé ìwòsàn ń wá owó, àwọn tíṣà ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí mínísítà tó lè dáhùn. Ní 27 oṣù kejì 2023, Rishi Sunak, olóòtú ìjọba Bírítéènì nígbà náà, àti Ursula von der Leyen, olórí ìgbìmọ̀ EU, fọwọ́ sí àtúnṣe kan ní Windsor: ẹrù tó máa dúró sí Àríwá gba ọ̀nà aláwọ̀ ewé tí ìwé rẹ̀ kéré, èyí tó ń lọ sí Gúúsù gba ọ̀nà pupa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan sí i kí DUP tó padà. Ní 3 oṣù kejì 2024, Michelle O'Neill ti Sinn Féin di olórí ìjọba, Emma Little-Pengelly ti DUP di igbákejì tí agbára wọn dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn wa náà níbi tí a kì í sábà wò. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Dublin àti àyíká rẹ̀. Gbogbo ìlérí pé ààlà máa ṣí sílẹ̀ kò kàn wọ́n bákan náà. Àdéhùn ìrìnnà láàárín Bírítéènì àti Írẹ́lándì, tó ti wà tipẹ́ kí EU tó dé, ọmọ orílẹ̀-èdè méjèèjì nìkan ló wà fún. Ẹni tó ń fi ìwé ìgbélùú Írẹ́lándì àti páásìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbé Dublin, tó bá wọ bọ́ọ̀sì lọ kí ẹbí ní Belfast láìní físà Bírítéènì, ti rú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí ẹnubodè kankan lójú ọ̀nà. Nígbà tó bá ń padà bọ̀, àwọn ọlọ́pàá lè wọnú bọ́ọ̀sì béèrè ìwé. Ọmọ tí wọ́n bí fún un níbẹ̀ kí òfin ọmọ ìlú tó yí padà lẹ́yìn ìdìbò 2004 jẹ́ ọmọ Írẹ́lándì, ó lè lọ kó bọ̀ bó ṣe wù ú. Nínú ilé kan ṣoṣo, ọmọ lè kọjá, ìyá kò lè kọjá. Nínú gbogbo àríyànjiyàn ọdún wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń ka wàrà, ẹran àti tírélà, n kò gbọ́ kí olórí kan ní London, ní Dublin tàbí ní Brussels dárúkọ irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Ní 10 oṣù kejìlá 2024, àwọn aṣòfin Stormont dìbò bóyá kí ètò ọjà yìí máa bá a lọ. 48 gbà, 36 kọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn aṣòfin tó fẹ́ máa bá Bírítéènì lọ tó gbà. Bí ìhà méjèèjì bá jọ fọwọ́ sí i, ọdún mẹ́jọ ni wọn kò ní dìbò lé e mọ́. Torí pé wọn kò fohùn ṣọ̀kan, mẹ́rin ni. Ní 2028, wọn yóò tún pè wọ́n láti sọ ibi tí ààlà máa wà.